Ta ló ń fìyà jẹ arúfin láyé àwọn Fíkíńgì ní Áísílàǹdì, nígbà tí kò sí ọba, tí kò sí ọlọ́pàá?

ArìnkáÌtàn:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Nínú àwọn fíìmù tó ń jáde báyìí nípa àwọn Fíkíńgì, àwọn jagunjagun àti awakọ̀ òkun àríwá Yúróòpù láyé àtijọ́, bí wọ́n bá ti mú ọ̀daràn, wọ́n á la ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á fa ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ síta bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ṣé òfin wọn nìyẹn lóòótọ́? Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ kan pàtó. Ká ní nǹkan bí ọdún 1000 la wà, ní Áísílàǹdì, àgbẹ̀ kan pa aládùúgbò rẹ̀ nítorí ilẹ̀ koríko ẹran. Ta ló máa mú un? Ta ló máa dá ẹjọ́? Ta ló máa fìyà jẹ ẹ́?

OlófinÀtijọ́:
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé fífa ẹ̀dọ̀fóró síta yẹn, tí wọ́n ń pè ní "idì ẹlẹ́jẹ̀", tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sí nínú ìwé òfin wọn kankan. Ewì kan tí akéwì Sighvatr ké fún Knútr, ọba Dẹ́nmárkì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọ̀rúndún kọkànlá ló sọ pé Ívarr, olórí ogun Fíkíńgì kan, gbẹ́ idì sẹ́yìn Ella, ọba kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òpìtàn tó dé lẹ́yìn ló ń bù kún un, títí egungun ìhà àti ẹ̀dọ̀fóró fi wọ inú ọ̀rọ̀. Láti 1984 ni àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn pé ohun tí ewì yẹn ń sọ lè má ju pé ẹyẹ idì ń jẹ òkú lójú ogun lọ. Èyí ó wù kó jẹ́, ilé ẹjọ́ kankan kò dá a fún ẹnikẹ́ni.

Ó di Áísílàǹdì. Kò sí ẹni tó máa wá mú àgbẹ̀ rẹ yẹn. Kò sí ọba, kò sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, kò sí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ pé kó máa bẹ́ orí. Láti nǹkan bí 930 tí wọ́n dá àpéjọ Alþingi sílẹ̀ ní Þingvellir, títí di 1262 sí 1264 tí wọ́n gbà láti wà lábẹ́ ọba Nọ́wè, ẹnì kan ṣoṣo ni ilẹ̀ náà ń sanwó fún. Olùkéde Òfin ni, lögsögumaðr lédè wọn. Sáà ọdún 3 ni wọ́n ń yàn án fún. Lọ́dọọdún ó máa dúró lórí Àpáta Òfin, á ka ìdá kan nínú mẹ́ta òfin ilẹ̀ náà láti orí, láìwo ìwé, tó fi jẹ́ pé bí sáà rẹ̀ bá fi máa pé, ó ti kà á tán. Ìgbà òtútù 1117 sí 1118 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀, nílé olóyè kan tó ń jẹ́ Hafliði Másson.

Ìjìyà tí ilé ẹjọ́ lè dá kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní ni owó ìtanràn, máàkì 3. Èkejì ni fjörbaugsgarðr, lílé kúrò nílùú fún ọdún 3. Ẹ̀kẹta ni skóggangr, tó túmọ̀ sí lílọ sínú igbó. Ẹni tí wọ́n bá dá skóggangr fún, wọn kò gbọ́dọ̀ fún un lóúnjẹ, wọn kò gbọ́dọ̀ fi ọkọ̀ gbé e, wọn kò gbọ́dọ̀ ràn án lọ́wọ́ lọ́nà kankan. Ẹ ṣàkíyèsí pé ikú kò sí níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ ò pa á. Ó kàn sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò ní olóhun mọ́, ẹni tó bá pa á ò jẹbi. Olùpẹjọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ ló máa wá a lọ.

Kí ìṣirò má bàa dà rú síwájú, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn fàdákà ni máàkì àti aurar: máàkì 1 jẹ́ aurar 8, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó nǹkan bí gíráàmù 214.

Àbẹ̀kẹ́_Ọ̀yọ́:
Ẹ ṣé, sà. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tó ń wádìí, ṣebí apànìyàn á kàn dákẹ́ ni? Ta ló máa mọ̀?

OlófinÀtijọ́:
Dídákẹ́ gan-an ló máa pa á. Ìyàtọ̀ tó lágbára jù nínú òfin wọn wà láàárín víg àti morð. Bí o bá pa èèyàn tí o sì sọ ọ́ síta, víg ni, ọ̀ràn ńlá ni, àmọ́ ọ̀ràn tó ṣeé dáhùn ni. Bí o bá pa á tí o fi òkú pamọ́, tàbí tí o sẹ́, morð ni, ìwà ìtìjú ni, gbogbo ààbò tí òfin ì bá fún ẹjọ́ rẹ ti bọ́ nù.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ síta náà ní ètò. Kí wákàtí 12 tó pé, kí apànìyàn lọ sí ilé àkọ́kọ́ tó bá gbà pé ẹ̀mí òun á dè níbẹ̀, kó sọ fún ẹnì kan, ó kéré tán, pé òun lòun ṣe é. Bó bá jẹ́ ilé àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni ìbátan òkú ń gbé, ó lè kọjá lọ sí ìkejì. Bó bá jẹ́ orí òkè ni wọ́n wà tàbí ojú omi, wọ́n fún un láyè títí á fi dé ibi táwọn èèyàn wà. Kò tún gbọ́dọ̀ fi òkú sílẹ̀ fún ẹyẹ àti ẹranko, ó gbọ́dọ̀ bò ó.

Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ń rò pé ìfọ́nnu ni ìkéde yìí. Rárá o. Òun ló ń sọ ọ̀ràn di ẹjọ́. Bí o bá ti kéde, ìwọ náà lè pe òkú lẹ́jọ́.

ArìnkáÌtàn:
Pe òkú lẹ́jọ́ kẹ̀?

OlófinÀtijọ́:
Bẹ́ẹ̀ ni. Bí olóògbé bá ti ṣe ohun tó mú kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ di òfò kí o tó pa á, bí àpẹẹrẹ bó bá jẹ́ òun ló kọ́kọ́ ṣá ọ lọ́gbẹ́, o lè mú ẹjọ́ lọ pé kí wọ́n pè é ní óheilagr, ẹni tí kò ní ààbò. Bí ilé ẹjọ́ bá gbà, kò sí owó ẹ̀jẹ̀, kò sí ìgbẹ̀san. Ìwé òfin fi ààlà síbẹ̀ ṣinṣin. Bí ẹnì kan bá gbá ọ tí kò dá àpá sí ọ lára, ojú ibẹ̀ nìkan lo ti lè gbẹ̀san, lójú ẹsẹ̀, ní àyíká tí ọfà kan lè dé. Bó bá ṣá ọ lọ́gbẹ́, o ní àyè títí di Alþingi tó ń bọ̀. Bí Alþingi bá kọjá, tí o bá wá pa á, ìwọ ló jẹ̀bi.

Wọ́n tún pín ọgbẹ́ sí ìsọ̀rí. Mẹ́ta tó wúwo jù ni èyí tó wọ inú ikùn tàbí àyà (holund), èyí tó dé ọpọlọ (heilund), àti èyí tó dé mùdùnmúdùn egungun (mergund).

AgbaÌwé:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi iyọ̀ díẹ̀ sí i kó tó di òtítọ́ pọ́ńbélé lẹ́nu gbogbo wa. Ìwé òfin tí à ń tọ́ka sí, Grágás, àwọn ẹ̀dà rẹ̀ tó ṣẹ́ kù tó tóbi jù, nǹkan bí 1250 sí 1280 ni wọ́n kọ wọ́n. Àwọn ìtàn ìdílé tó ń sọ nípa ọdún 1000 náà, ọ̀rúndún kẹtàlá ni wọ́n kọ púpọ̀ nínú wọn. Bí a bá wá ń sọ pé "lọ́dún 1000, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyí", ohun tí a mọ̀ dájú ni bí àwọn ọmọ-ọmọ wọn ṣe gbà pé wọ́n ń ṣe é. Ìlànà náà jọ ti àtijọ́, mi ò sọ pé irọ́ ni. Iye owó àti iye ọjọ́ ló yẹ ká fi ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mú.

OlófinÀtijọ́:
Mo fara mọ́ ọn.

Dèjì_Agbẹjọ́rò:
Ẹ jẹ́ kí n sọ apá ti ilé ẹjọ́, torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti ń bàjẹ́ jù. Ká lo àgbẹ̀ tí ArìnkáÌtàn mú wá.

Ẹ̀tọ́ láti pẹjọ́ jẹ́ ti ìbátan olóògbé tó sún mọ́ ọn jù: ọmọkùnrin rẹ̀, bí kò bá sí, bàbá rẹ̀, bí kò bá sí, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ó gbọ́dọ̀ tó ọmọ ọdún 16. Ó máa lọ síbi tí ìpànìyàn ti ṣẹlẹ̀, á pe ẹlẹ́rìí, á sì yan aládùúgbò 9 tó ń gbé nítòsí ibẹ̀ jù láti bá a lọ sí Alþingi. Àwọn yìí kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó fojú rí ìṣẹ̀lẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti búra kí wọ́n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́: ṣé òun ló pa á? Ohùn èèyàn 5 nínú 9 ló ń borí. Bó bá jẹ́ ọ̀ràn kékeré, aládùúgbò 5 ni wọ́n ń pè.

Ní oṣù kẹfà, nígbà tí Alþingi bá pé, ìyẹn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, olùpẹjọ́ máa kéde ẹjọ́ rẹ̀ lórí Àpáta Òfin, lóhùn òkè tí gbogbo èèyàn á gbọ́: orúkọ ẹni tó ń pè lẹ́jọ́, ohun tó ṣe, ìjìyà tó ń béèrè fún, àti ilé ẹjọ́ wo. Láti nǹkan bí 965 ni wọ́n ti pín ilẹ̀ náà sí ẹkùn mẹ́rin, ẹkùn kọ̀ọ̀kan sì ní ilé ẹjọ́ tirẹ̀ ní Alþingi, adájọ́ 36. Àwọn goði ló ń yan àwọn adájọ́ wọ̀nyí. Goði ni olóyè àdúgbò. Kí ẹ̀sìn Kristi tó dé ní nǹkan bí 1000, òun náà ni àwòrò òrìṣà. Wọ́n jẹ́ 36 tẹ́lẹ̀, wọ́n wá di 39.

Ohun tó ń ba ẹjọ́ jẹ́ rèé. Bí o bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ nínú ìpẹ̀jọ́, o pàdánù. Bí o bá mú ẹjọ́ lọ sí ẹkùn tí kì í ṣe ti olùjẹ́jọ́, o pàdánù. Bí ẹnì kan nínú aládùúgbò 9 bá jẹ́ ìbátan rẹ, tàbí tí kò ní ohun ìní tó òṣùwọ̀n, wọ́n á lé e dànù, o sì gbọ́dọ̀ rí ẹlòmíràn fi dí àyè rẹ̀. Bí o kò bá pe olùjẹ́jọ́ pé kó wá gbọ́ ìbúra rẹ, ó ti di awuyewuye. Olùjẹ́jọ́ náà lè yan 5 nínú aládùúgbò 9 rẹ kan náà láti sọ̀rọ̀ gbè é.

Tí àwọn adájọ́ 36 bá pínyà ńkọ́? Bí àwọn tó yapa bá dín sí 6, ohùn tó pọ̀ jù borí. Bí wọ́n bá tó 6, kò sí ìdájọ́. Ọdún mélòó kan ni wọ́n fi fara da èyí kí wọ́n tó dá Ilé Ẹjọ́ Karùn-ún sílẹ̀ ní nǹkan bí 1005. Adájọ́ 48 ló wà níbẹ̀; olùpẹjọ́ á yọ 6, olùjẹ́jọ́ á yọ 6, á ku 36, ohùn tó bá sì pọ̀ jù ni abẹ gé.

Àbẹ̀kẹ́_Ọ̀yọ́:
Bí olùjẹ́jọ́ bá kọ̀ tí kò yọ 6 tirẹ̀ ńkọ́?

Dèjì_Agbẹjọ́rò:
Olùpẹjọ́ gbọ́dọ̀ yọ 6 yẹn fúnra rẹ̀, kó di 12. Ihò tí wọ́n fi pa ẹjọ́ tó lókìkí jù lára ìtàn wọn nìyẹn. Nínú ìtàn Njáll, ọ̀kan lára àwọn ìtàn ìdílé wọn, wọ́n sun Njáll àti àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́lé. Nígbà tí ẹjọ́ dé Alþingi, Flosi, olórí àwọn tó dáná sun wọ́n, fún amòfin kan tó ń jẹ́ Eyjólfr ní ẹ̀gbà wúrà kó lè gbèjà rẹ̀. Eyjólfr ní kí Flosi gbé ipò goði rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kó sì fi ara rẹ̀ sábẹ́ goði kan ní ẹkùn àríwá. Bẹ́ẹ̀ ni ẹjọ́ tí wọ́n pè ní ẹkùn ìlà oòrùn di òfò. Wọ́n gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Karùn-ún. Mörðr tó ń ṣojú olùpẹjọ́ yọ 6, àwọn ti Flosi dákẹ́ bí ẹni tí kò mọ̀, Mörðr gbàgbé 6 tó kù. Adájọ́ 42 ló dá ẹjọ́ yẹn. Wọ́n ní ìdájọ́ náà ò múlẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n fa idà yọ lórí pápá àpéjọ.

Ó lè jẹ́ pé òǹkọ̀wé ọ̀rúndún kẹtàlá ló ṣe é lẹ́ṣọ̀ọ́, gẹ́gẹ́ bí AgbaÌwé ṣe wí. Àmọ́ ihò yẹn wà nínú òfin lóòótọ́.

Ṣọlá_Kò_Gbà:
Kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: òfin olówó lẹ̀ ń ṣàpèjúwe yìí. Tálákà tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀, níbo ló ti fẹ́ rí aládùúgbò 9 tó máa fi iṣẹ́ oko sílẹ̀ gun ẹṣin lọ sí Þingvellir? Bó bá tilẹ̀ jàre, ta ló máa bá a lé ọ̀daràn tó ní ọmọ ogun nílé?

OlófinÀtijọ́:
Òótọ́ lo sọ, àwọn náà sì mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí òfin fi gbà kí tálákà gbé ẹjọ́ rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Á dì mọ́ goði tàbí alágbára kan lọ́wọ́ níwájú ẹlẹ́rìí, ẹjọ́ di ti onítọ̀hún. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ kọ́. Alágbára yẹn lè gba apá tó pọ̀ nínú ohun tí ẹjọ́ bá mú wọlé, nígbà mìíràn ó lè gba ilẹ̀ tálákà náà pátápátá. Ẹ má sì gbàgbé pé ohun tó ń so goði mọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá rí i pé goði òun ò jà fún òun lè fi í sílẹ̀ lọ bá òmíràn. Ìyẹn ń tì wọ́n láti jà.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹjọ́ kì í dé ìdájọ́. Ìlàjà ló ń parí rẹ̀. Ẹgbẹ́ méjèèjì á yan èèyàn tí wọ́n fọkàn tán, tàbí kí ẹni tó jẹ̀bi fún ẹni tó ṣẹ̀ ní sjálfdæmi, ẹ̀tọ́ pé kí òun fúnra rẹ̀ sọ iye tó fẹ́ gbà. Ọ̀wọ̀ ńlá ni sjálfdæmi. Ẹni tó bá gbà á tó sì béèrè owó tó pọ̀ jù, ojú ló máa tì í.

Ṣọlá_Kò_Gbà:
Mo gbọ́. Síbẹ̀, alágbára ló ṣì ń jàǹfààní.

AgbaÌwé:
Ní ọ̀rúndún kẹtàlá, ìdílé bíi mélòó kan ti kó gbogbo ipò goði jọ sọ́wọ́ ara wọn. Kò sí ibòmíràn tí àgbẹ̀ lè sá lọ mọ́. Ìgbà yẹn ni ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀, ohun tó sì gbé wọn dé ọ̀dọ̀ ọba Nọ́wè nìyẹn. Nítorí náà Ṣọlá ò jẹ̀bi, ìgbà ló yàtọ̀.

IyaIbeji_Bristol:
Owó ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Èló ni wọ́n ń san lórí èèyàn?

OlófinÀtijọ́:
Nínú Grágás, ìpín kan wà tí wọ́n ń pè ní Baugatal, ìṣirò òrùka. Òrùka mẹ́rin ni. Èkíní, máàkì 3, ti bàbá, ọmọkùnrin àti ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ọkùnrin olóògbé. Èkejì, aurar 20, ti bàbá-àgbà àti ọmọ-ọmọ. Ẹ̀kẹta, máàkì 2. Ẹ̀kẹrin, aurar 12, ti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí. Ìbátan apànìyàn ló ń san, ìbátan olóògbé ló ń gbà, ìpele sí ìpele: bàbá àti ọmọ apànìyàn ń san òrùka èkíní fún bàbá àti ọmọ olóògbé. Torí náà gbogbo ẹbí ló ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ọmọ wọn tó gbé àáké.

Obìnrin kan ṣoṣo ló lè san, tó sì lè gba òrùka. Bí ọmọbìnrin bá jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo tí olóògbé bí, tí kò tíì lọ sílé ọkọ, tí kò sì sí ọkùnrin tó wà ní ipò náà, wọ́n á kà á sí ọmọkùnrin. Baugrygr ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ tó bá wọlé ọkọ ni ẹ̀tọ́ yẹn parí.

Nínú àwọn ìtàn, iye tó wọ́pọ̀ lórí ọmọlúàbí kan ni "ọgọ́rùn-ún fàdákà". Ẹ wo bí ó ṣe ń gòkè láàárín ilé Njáll àti ilé Gunnarr, ọ̀rẹ́ rẹ̀, nígbà tí ìyàwó méjèèjì ń fi ìránṣẹ́ jà. Aurar 12 lórí ẹrú. Ilé kejì gbẹ̀san, àpò owó kan náà padà wá. Lẹ́yìn náà ọgọ́rùn-ún, ó tún padà. Nígbà tó dé orí ọmọ ẹrú tó ti gba òmìnira tó sì tọ́ àwọn ọmọ Njáll, ó di igba. Ọkọ méjèèjì kì í jà, wọ́n kàn ń ka owó fún ara wọn ni.

Ní Dẹ́nmárkì, òfin wọn pín in sí mẹ́ta. Apànìyàn san ìdá kan, ìdílé bàbá rẹ̀ san ìdá kan, ìdílé ìyá rẹ̀ san ìdá kan.

IyaIbeji_Bristol:
Àwọn obìnrin kò lè pẹjọ́ ni?

Dèjì_Agbẹjọ́rò:
Wọ́n lè ṣe é tẹ́lẹ̀. Ìtàn àwọn ará Eyrr sọ pé nígbà tí wọ́n pa Arnkell goði ní nǹkan bí 993, àwọn obìnrin ló jogún ẹ̀tọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ìparí ẹjọ́ náà kò wu ẹnikẹ́ni, ọdún 3 péré ni wọ́n lé ẹni tó ṣe é. Àwọn olóyè wá ṣòfin pé láti ìgbà náà lọ, obìnrin àti ọkùnrin tí kò tó ọmọ ọdún 16 kò gbọ́dọ̀ jẹ́ olùpẹjọ́ nínú ọ̀ràn ìpànìyàn. Lójú tèmi, àwọn alágbára tó dá ẹjọ́ yẹn ló bà á jẹ́, wọ́n wá di ẹ̀bi ru àwọn obìnrin.

Lọ́wọ́ kejì, obìnrin 6 wà tí ọkùnrin lè torí wọn pa ẹni tó bá ká mọ́ wọn: ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀, ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọbìnrin tó gbà tọ́, àti obìnrin tó gbà á tọ́.

ArìnkáÌtàn:
Ẹ padà sórí skóggangr. Lẹ́yìn ìdájọ́, kí ni wọ́n ń ṣe gan-an?

OlófinÀtijọ́:
Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gbọ́mọ lọ́wọ́ èkùrọ́, torí náà ìpele kejì ló le jù. Ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí Alþingi bá tú, olùpẹjọ́ àti goði máa lọ sílé ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi. Wọ́n á jókòó sí ibi tí ọfà kan lè dé láti ògiri oko rẹ̀, wọ́n á pe ilé ẹjọ́ tó ń gba ohun ìní, féránsdómr. Wọn kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ilé ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìjà má bàa bẹ́ sílẹ̀. Gbèsè tó jẹ àti ohun ìní ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ yọ. Nínú èyí tó kù, ìdajì jẹ́ ti olùpẹjọ́, ìdajì jẹ́ ti àwọn èèyàn ẹkùn tàbí àpéjọ náà. Bí olùpẹjọ́ kò bá pe féránsdómr, ìdájọ́ tó gbà yẹn kò ní lè gba ilẹ̀ fún un.

Ẹni tó wọ igbó di ẹran ọdẹ. Wọ́n ń fi owó sórí rẹ̀, aurar 8 tó bá jẹ́ ọ̀ràn tó wọ́pọ̀, máàkì 3 tó bá burú jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbà á sílé, wọ́n lè lé òun náà fún ọdún 3. Ọmọ tó bá bí nígbà tó wà nínú igbó ni wọ́n ń pè ní vargdropi. Kò lè jogún, ì báà jẹ́ ìyàwó ilé ló bí i. Ọ̀nà kan wà tó fi lè dín ìyà rẹ̀ kù: kó pa ọ̀daràn mìíràn tó wà nínú igbó. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n lè kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́ olè. Ta ni wàá fọkàn tán tí ẹ bá jọ sùn?

Ti ọdún 3 yàtọ̀. Á kọ́kọ́ san máàkì 1 fún goði ní féránsdómr. "Òrùka ẹ̀mí" lorúkọ owó yẹn. Bí kò bá san án, ó di skóggangr lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á yan ilé 3 fún un tí ẹ̀mí rẹ̀ ti dè, títí dé ibi tí ọfà lè dé láyìíká wọn, àti lójú ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀ mọ́ èbúté. Bó bá pàdé àwọn èèyàn lójú ọ̀nà, ó gbọ́dọ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan débi tí orí ọ̀kọ̀ wọn ò ní lè kàn án. Ó ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 3 láti wá ọkọ̀ tó máa gbé e lọ. Lẹ́yìn ọdún 3 lókè òkun, ó lè padà wálé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìlú. Bí kò bá lọ, igbó ni.

AgbaÌwé:
Eiríkr rauði, Eiríkr onírun pupa, ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Ó pa èèyàn ní Haukadalur, wọ́n lé e kúrò níbẹ̀. Ó yá ẹnì kan tó ń jẹ́ Þorgestr ní àwọn pákó gbígbẹ́, onítọ̀hún ò dá a padà. Wọ́n jà, ó pa àwọn ọmọ Þorgestr. Àpéjọ Þórsnes lé e fún ọdún 3, ní nǹkan bí 982. Dípò kó lọ jókòó sí Nọ́wè, ó wakọ̀ lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ó fi ọdún 3 ìjìyà rẹ̀ wo etíkun Grínlándì. Ó padà wá, ó kó èèyàn jọ. Ọkọ̀ 25 ló gbéra ní nǹkan bí 985 tàbí 986, 14 ló dé ibẹ̀.

Dèjì_Agbẹjọ́rò:
Ẹnì kan béèrè nípa ìfigagbága lórí erékùṣù, hólmganga, ní ìsọ̀rí mìíràn. Ẹ jẹ́ kí n dá a lóhùn síbí, torí òun náà jẹ́ ọ̀nà ìdájọ́.

Ìtàn Kormákr ló ṣàpèjúwe rẹ̀ jù. Wọ́n á tẹ́ aṣọ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìgbọ̀nwọ́ 5, wọ́n á kan èèkàn mọ́ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n á fa ilà 3 yí i ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ẹsẹ̀ kan, wọ́n á sì ri ọ̀pá igi hazel mẹ́rin mọ́lẹ̀ ní ìta. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní asà 3. Ẹni tí wọ́n pè níjà ló kọ́kọ́ ń ṣá, wọ́n á máa ṣá lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan lẹ́yìn ẹnì kejì. Bí asà bá fọ́ tán, ohun ìjà nìkan lo fi máa gba ara rẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kán sórí aṣọ, ìjà lè parí, ẹni tó gbọgbẹ́ á sì fi máàkì 3 fàdákà ra ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá jáde kọjá ọ̀pá, wọ́n á ní ó ń fà sẹ́yìn. Bó bá di ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á ní ó ti sá.

Ohun tó bà á jẹ́ ni àwọn jàgídíjàgan tó mọ idà lò, tí wọ́n ń pe àgbà àgbẹ̀ níjà láti gba ìyàwó tàbí ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fòfin dè é ní Áísílàǹdì ní nǹkan bí 1006.

Ṣọlá_Kò_Gbà:
Olè ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n kórìíra olè ju apànìyàn lọ.

OlófinÀtijọ́:
Bẹ́ẹ̀ náà ni, ìdí kan náà pẹ̀lú morð: ó ń ṣe é ní ìkọ̀kọ̀. Adigunjalè tó wá ní ọ̀sán gangan ní ìyì jù ú lọ lójú wọn. Nínú ìtàn Egill, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ kó ẹrù ní ilé kan ní Kúrland, létí Òkun Baltic, wọ́n jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Nígbà tí wọ́n dé inú igbó, ó ní ìwà olè lèyí. Ó padà lọ, ó dáná sun ilé náà kí wọ́n lè mọ ẹni tó wá. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ìwà ọmọ ọkùnrin nígbà yẹn!

Ní Nọ́wè, òfin àwọn ìlú ọjà, Bjarkeyjarréttr, ní kí wọ́n fá orí olè kékeré, kí wọ́n da ọ̀dà sí i, kí wọ́n wọ́n ìyẹ́ ẹyẹ lé e, kí ó sì sáré la àárín ọ̀pọ̀ èèyàn kọjá. Wọ́n á máa ju òkúta àti èérún ilẹ̀ koríko mọ́ ọn. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ tí kò jù ún, òun ló máa san ìtanràn. Olè ńlá, okùn ni.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Swídìn, nínú òfin Västgöta ti nǹkan bí 1220. Bí wọ́n bá ṣá eléré lọ́gbẹ́, onílù tàbí onígòjé, kì í gba owó bíi ti ẹlòmíràn. Wọ́n á mú ọ̀dọ́ abo màlúù tí kò tíì mọ ọwọ́ èèyàn lọ sórí òkè, wọ́n á fá ìrù rẹ̀, wọ́n á fi ọ̀rá pa á. Wọ́n á fún eléré náà ní bàtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀rá pa, á di ìrù màlúù mú, wọ́n á na màlúù náà ní pàṣán. Bó bá lè dì í mú, màlúù di tirẹ̀. Bó bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, òfò ni.

Àbẹ̀kẹ́_Ọ̀yọ́:
Ha! Àwọn eléré ti jìyà o.

AgbaÌwé:
Àkéwì náà ní láti ṣọ́ra. Ní Áísílàǹdì, bí o bá ké ewì ìfẹ́ sí obìnrin, skóggangr ni. Ewì èébú náà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta sì wà, ragr, stroðinn àti sorðinn, tí gbogbo wọn ń pe ọkùnrin ní ẹni tí ọkùnrin mìíràn ń bá lò pọ̀ tàbí ojo. Ẹni tí wọ́n bá sọ ọ́ sí lè pa ẹni tó sọ ọ́.

IyaIbeji_Bristol:
Àwọn tó ti ṣèbẹ̀wò sí Þingvellir ń fi àwòrán odò tí wọ́n ti ń rì obìnrin sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Drekkingarhylur. Ṣé ti àwọn Fíkíńgì náà nìyẹn?

OlófinÀtijọ́:
Rárá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Lẹ́yìn tí wọ́n yí padà sí ìjọ Luther, lábẹ́ ọba Dẹ́nmárkì, ni òfin Stóridómur ti 1564 mú ikú wá fún àgbèrè àti ìbálòpọ̀ láàárín ìbátan. Obìnrin ni wọ́n ń rì, ọkùnrin ni wọ́n ń bẹ́ lórí. Dídáná sun àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn oṣó kàn náà, ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni, ọkùnrin sì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Ibi kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ju 500 ọdún lọ tó wà láàárín wọn.

Èyí tó yí ètò àtijọ́ padà gan-an ni àwọn ìwé òfin ọba. Ní Nọ́wè, òfin gbogbo ilẹ̀ tí Magnús Hákonarson ṣe ní 1274. Ní Áísílàǹdì, Járnsíða ní 1271, lẹ́yìn náà Jónsbók ní 1281. Láti ìgbà náà, ìpànìyàn di ẹ̀ṣẹ̀ sí ọba. Ìránṣẹ́ ọba, sýslumaðr, ló ń lé ọ̀daràn. Apànìyàn ló ń san gbèsè rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹbí rẹ̀ bọ́ nínú òrùka mẹ́rin yẹn, ọba sì ní owó tirẹ̀ tó ń gbà lórí òkú kọ̀ọ̀kan.

Ṣọlá_Kò_Gbà:
Ẹ wá rí i! Ọba dé, ó gba tirẹ̀.

Dèjì_Agbẹjọ́rò:
Ó gba tirẹ̀, àmọ́ ọmọ opó tí kò ní goði náà rí ẹni bá a pẹjọ́.